Ètìpọ́nọlá àti Àfòpiná Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan láti Inú Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, àṣà wa ni láti ka àwọn ilé tí a ti kọ́, àwọn ìdíje tí a ti borí, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ fún ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí tọrọ àyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ohun méjì tí kò sí nínú ìwé tí a fi ń ka ẹrù ilé-ẹ̀kọ́: ewéko kan tí ń rá lórí ilẹ̀ lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, àti àfòpiná kékeré kan tí ń jẹ ewéko náà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi bọ́ sí àkókò kò fara sin. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ti dá owó jọ láti fi ìntalọ́ọ̀kì tẹ́ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹrẹ̀ má baà máa dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ mọ́ nígbà òjò. Ẹ̀bùn rere ni, a sì ń dúpẹ́. Kí a tó bo ilẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ohun tí ó wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí Bíbélì ń ka ọgbọ́n Sólómọ́nì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 4, ẹsẹ̀ 33, kì í ṣe igi kédárì ńlá nìkan ni a gbọ́ pé ọba náà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó sọ̀rọ̀ nípa hísópù, ewéko kékeré tí ń hù lára ògiri, àti nípa àwọn ohun tí ń rákò pẹ̀lú. Bí ọba bá lè wo ewéko ara ògiri, kò yẹ kí ó pọ̀ jù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn.

Ewéko tí gbogbo wa ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ rí

Ètìpọ́nọlá kò ṣòro láti rí nínú ìlú yìí. Ó ń hù ní etí gọ́tà ní Ring Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ní Bódìjà, ní eteetí ọ̀nà ní Agbowó, àti ní ibi tí àwọn awakọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí ní Challenge. Ọ̀pá rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń nà gbọọrọ lórí ilẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ní ìdí, ẹ̀yìn ewé náà sì ṣì ju ojú rẹ̀ lọ. Òdòdó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ kò ní rí i. Tí a bá súnmọ́ ọn, a ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá da elésè àlùkò díẹ̀ pọ̀ mọ́ pupa. Èso rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ṣa á kúrò létí ṣòkòtò ọmọ wọn mọ ohun tí à ń wí.

Agbára ewéko yìí wà nínú gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò náà nípọn, ó sì wọlẹ̀ jìn. Nígbà ọyẹ́, ohun tó wà lókè ilẹ̀ lè gbẹ tán, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò tún hù. Nítorí èyí ni àwọn ará Íńdíà fi sọ ọ́ ní punarnava, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ń tún ara rẹ̀ sọ di ọ̀tun. Ọ̀mọ̀wé Linnaeus ti ilẹ̀ Sweden fún un ní orúkọ Boerhavia diffusa ní ọdún 1753, láti fi bu ọlá fún oníṣègùn ará Họ́láńdì kan, Herman Boerhaave. Àwọn bàbá wa kò dúró de Linnaeus kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti pè é ní ètìpọ́nọlá, wọ́n sì ti ń fi í sínú oríṣiríṣi àgbo. A kò kọ èyí láti júwe oògùn fún ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé orúkọ ewéko yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó bí wa.

Àfòpiná tí ìyẹ́ rẹ̀ là

Ohun kejì ni àfòpiná tí ń gbé lára ètìpọ́nọlá. Nígbà tí a bá gbọ́ àfòpiná, ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí kòkòrò tí Olúwa wa mẹ́nu kàn nínú Mátíù orí 6, èyí tí ń ba ìṣúra ayé jẹ́ nínú àpótí. Èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Kì í jẹ aṣọ, kì í ta ni, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó bá dàgbà tán, oje dídùn inú òdòdó ni ó ń mu.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àfòpiná oníyẹ́ ni a ó máa pè é pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀, nítorí pé apá wọn jọ ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹbí náà pọ̀. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ káàkiri ayé ju 1,000 lọ. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, apá iwájú kọ̀ọ̀kan là sí méjì, apá ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan sì là sí mẹ́ta. Bí ọmọ bá ṣe ìṣirò náà dáadáa, yóò rí i pé ẹ̀ka mẹ́wàá ni kòkòrò kan ṣoṣo fi ń fò. Etí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní irun wẹ́wẹ́ tó tò jọ bíi ti ìyẹ́ adìyẹ. Irun wọ̀nyí ni wọ́n ń dí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì, kí afẹ́fẹ́ má baà gba àárín wọn kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ó bá bà, ó máa ń ká apá rẹ̀ pọ̀ títí tí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdá koríko, yóò sì nà án sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹni tó bá wò ó lára ògiri yóò rò pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ lẹ́tà T síbẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ní ẹ̀gún kéékèèké. Nítorí ẹsẹ̀ gígùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń pè é ní ẹ̀fọn, tí wọ́n á sì sáré mú oògùn kòkòrò. Irú tí ń gbé lára ètìpọ́nọlá kéré gan-an. Bí a bá tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ìbú wọn kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti koríko tó ti gbẹ.

Orúkọ méjì fún ẹ̀dá kan

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àfòpiná wa yìí ni Megalorhipida leucodactylus. Johan Christian Fabricius, ará Dẹ́ńmákì tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1794. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ kejì ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìka funfun. Linnaeus ni ó dá àṣà náà sílẹ̀ pé kí orúkọ àwọn àfòpiná oníyẹ́ máa parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìka, nítorí pé apá wọn là bí ìka ọwọ́.

Ní 1864, Francis Walker, tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn kòkòrò inú Mùsíọ́mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tún sọ ẹ̀dá kan náà ní orúkọ mìíràn, ó pè é ní defectalis. Ó pẹ́ tí ìwé ń lo orúkọ Walker kí àwọn tó tẹ̀ lé e tó fi èkíní wé èkejì, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òfin àwọn onímọ̀ ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ni kí ó dúró. Nítorí náà, ti Fabricius ni ó borí. Àwọn ọmọ wa máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: ohun tó jẹ́ tuntun lójú wa lè ti di ogbó lójú ẹlòmíràn. Kí ènìyàn tó kéde pé òun ti ṣàwárí, ó yẹ kí ó bi àwọn tó ṣáájú léèrè.

Loni, wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri ilẹ̀ olóoru: ní Áfíríkà, ní Éṣíà, ní Ọsirélíà, ní àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, àti ní Amẹ́ríkà. Èyí kò yani lẹ́nu. Èso ètìpọ́nọlá ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun ẹran. Ibi tí ewéko yìí bá bá ènìyàn dé, oúnjẹ àfòpiná náà ti dé ibẹ̀.

Bí ó ṣe ń gbé ìgbé-ayé rẹ̀

Ìpele mẹ́rin ni ayé rẹ̀ ní, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo labalábá àti àfòpiná. Abo a máa yé ẹyin sára ewéko. Láti inú ẹyin ni kòkòrò ajẹwé kékeré yóò ti jáde, tí yóò máa jẹ ewé, òdòdó àti èso ètìpọ́nọlá. Bí ó bá yó tán, tí ó sì tó àkókò, yóò fi ìdí rẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá tàbí ewé, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí yìí kì í hun ilé òwú bo ara wọn. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń yí padà, àwọ̀ wọn tó jọ ti ewéko ni ààbò wọn. Lẹ́yìn náà ni àgbà yóò jáde pẹ̀lú ẹ̀ka mẹ́wàá rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó ń pa ètìpọ́nọlá run. Bí ó bá ń pa á run ni, à bá ti rí i ní gbogbo Ìbàdàn. Ó ń jẹ díẹ̀, ewéko ń hù padà láti inú gbòǹgbò. Ọmọọ́lé àti aláǹtakùn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi òun náà ṣe oúnjẹ. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni, ó pé, ó sì wà ní ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ.

Ẹbí kan, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti jinlẹ̀ jù ni èyí. Ní Íńdíà, àfòpiná oníyẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Exelastis atomosa. Òtílí ni ó ń bá jà. Kòkòrò rẹ̀ ń lu èèpo òtílí, ó sì ń jẹ hóró inú rẹ̀, àgbẹ̀ sì ń sunkún. Olè ni ìyẹn.

Ẹ̀wẹ̀, ìbátan rẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Lantana, òdòdó aláwọ̀ mèremère tí ọ̀pọ̀ ilé ní Bódìjà fi ṣe ọgbà, ti di igbó tó ń gba oko mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní erékùṣù Hawaii. Ní 1902, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Albert Koebele lọ sí Mẹ́síkò, níbi tí lantana ti ń hù ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, láti wá àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́. Irú 23 ni ó fi ránṣẹ́ sí Honolulu, 8 péré nínú wọn ni wọ́n rí ẹsẹ̀ dúró. Àfòpiná oníyẹ́ kan, Lantanophaga pusillidactyla, wà lára àwọn tó dúró. Inú òdòdó lantana ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé tí ó sì ń jẹun. Kò pa lantana tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pè é ní olè.

Nílé wa níhìn-ín, láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ti wà ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ni Maruca vitrata, àfòpiná tí kò sí nínú ẹbí oníyẹ́, tí kòkòrò rẹ̀ ń lu òdòdó àti èèpo ẹ̀wà. Ó tọ́ kí a náwó lé e lórí. Ẹ̀wà ni oúnjẹ àwọn ọmọ wa, ẹni tó bá sì ti na ọjà Bódìjà mọ iye tí kọ́ńgò kan ń lọ.

Àfòpiná ètìpọ́nọlá ńkọ́? Kò jẹ wá ní oúnjẹ, a kò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò náwó lé e lórí, kò sì sí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ bí a bá bo ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ yín gan-an nìyí. Nínú ẹbí kan ṣoṣo, a rí olè, a rí alágbàṣe, a sì rí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyẹ́ tó là, tó sì ti gbé oògùn kòkòrò kò tíì mọ èyí tí ó fẹ́ pa. Ojú tó bá ti kọ́ láti wo kòkòrò dáadáa kí ó tó dá a lẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń wo ènìyàn.

Òwe àfòpiná àti iná

Àwọn àgbà sọ pé àfòpiná tó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Òwe náà tọ́ fún ènìyàn tí ń fojú di ohun tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa ń béèrè lọ́wọ́ wa pé: ṣé lóòótọ́ ni àfòpiná ń bá iná jà? Ní 2024, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n fi kámẹ́rà tó yára púpọ̀ ṣe. Wọ́n rí i pé kòkòrò kì í fò tààrà lọ sínú iná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó máa ń yí sí ìmọ́lẹ̀, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òkè ni ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti ń wá, èyí ni ó sì fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ibi gílóòbù, òkè àti ìsàlẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú, ó sì ń yípo títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Òwe ṣì wà láàyè rẹ̀, ìmọ̀ sì dé láti kún un. A kò fi ọ̀kan sin èkejì.

Ohun tí a ń tọrọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, ẹ̀yin òbí wa, a kò ní kí ẹ dá ìntalọ́ọ̀kì dúró. Ohun tí a ń tọrọ ni ilẹ̀ tóóró kan lẹ́bàá ògiri yàrá sáyẹ́ǹsì, tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá ní gígùn àti ẹsẹ̀ mẹ́ta ní ìbú, kí ó wà láìbò, kí a má sì fọ́n oògùn koríko sí i. Kò ní ná ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ yóò máa fi ọwọ́ ro ó, wọn yóò fi pákó kọ orúkọ ewéko tó bá wà níbẹ̀ ní Yorùbá, wọn yóò sì ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n rí sí.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò sọ pé ejò àti ẹ̀fọn yóò wọlé. Ètìpọ́nọlá kì í di igbó, ilẹ̀ ni ó ń rá lé. Omi tó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí, kì í ṣe ara ewéko yìí. Lọ́nà mìíràn, ilẹ̀ tí a kò bò ń mu omi. Àwa tí a ń gbé Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Àwọn tó wà láyé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 rántí omíyalé Ògùnpa, àwọn ọmọ wọn sì rántí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ilẹ̀ tóóró kan kò lè dá àgbàrá dúró, ṣùgbọ́n bí ọgbà kọ̀ọ̀kan bá fi díẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Ní pàtàkì jùlọ, ẹ rò ó wò. Ọmọ kan lè ya àwòrán kòkòrò inú ìwé fún ìdánwò WAEC, kí ó sì gba máàkì tó dára, síbẹ̀ kí ó má mọ orúkọ ewéko tó ń fi bàtà tẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá-àgbà rẹ̀ mọ ètìpọ́nọlá, kò mọ àfòpiná ara rẹ̀. Ìwé mọ àfòpiná, kò mọ ètìpọ́nọlá. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa ni láti jẹ́ kí ìmọ̀ méjèèjì pàdé lọ́kàn ọmọ kan náà, ilẹ̀ tí wọ́n ti lè pàdé ni a sì ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìbéèrè fún àgbéyẹ̀wò nínú ilé

1. Ẹ bi àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín pé kí ó fi ètìpọ́nọlá hàn yín. Kí ni ó mọ̀ nípa rẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí?

2. Ẹ wo ògiri tó wà nítòsí gílóòbù ìta ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò bá dá. Ǹjẹ́ ẹ rí kòkòrò tó dúró bíi lẹ́tà T? Ẹ yà á, ẹ má pa á.

3. Nínú àwọn àfòpiná tí a dárúkọ, èwo ni ń jẹ òtílí, èwo ni ń jẹ lantana, èwo ni ń jẹ ẹ̀wà? Èwo nínú wọn ni kò sí nínú ẹbí oníyẹ́?

4. Kí ni ìdí tí orúkọ tí Fabricius sọ ọ́ fi borí ti Walker?

5. Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 4, láti ẹsẹ̀ 29 dé òpin. Kí ni ẹ rò pé ó mú kí a ka hísópù mọ́ kédárì?

Kí àwọn ọmọ mú ìdáhùn wọn wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá tẹ̀ lé àjọ̀dún. Ìdáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní ni a ó kọ́kọ́ kà, àwọn ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ náà.